Iṣẹ́ Abẹ Tí Kò Ní Ojú Àpá

Iṣẹ́ kọ́tìnnì ni mo ń ṣe nígbà tí a kọ́kọ́ dé Abuja. Ìjọba ṣì wà ní Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kọ́ ilé sílẹ̀ dè é ní Garki àti ní Wuse, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lẹ́bàá títì ọlọ́dà tí mọ́tò kan ṣoṣo lè má gbà kọjá láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi. Òun àti àwọn ará Ọ̀ṣun ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí wọ́n bá kàn án tán, èmi ni wọ́n á ní kí n mú téèpù mi wá wọn fèrèsé, kí n lọ rán aṣọ tí wọn yóò fi kọ́ ọ. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn rí ni mo máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilé tuntun kì í dẹ́rù bani. Ilé àtijọ́ ní òórùn èèyàn nínú. Ilé tuntun kò ní nǹkan kan ju ohùn ẹni tó wọ ibẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dá a padà.

Èmi kì í ṣe ojo. Ẹnu mi mú, ọkọ mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iwin bá pàdé mi lọ́nà, iwin náà ni yóò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Síbẹ̀, mo máa ń kọrin nínú àwọn ilé yẹn kí n má baà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, mo wà lórí àkàsọ̀ nínú ilé alájà kan ní Garki, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè láti wọn fèrèsé pálọ̀, ni nǹkan kan bá sọ̀ kalẹ̀ lára mi. Kò dùn mí. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ ni, ó sì dúró sí ojú ara mi bí ẹyin adìẹ. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àjà. Ó sáré láti igun kan dé igun kejì, ó sì dúró. Kò sí ọmọdé kankan ní gbogbo àdúgbò yẹn. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni.

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ohùn mi padà wá bá mi. N kò gun òkè lọ wò. Títí di òní, n kò mọ ohun tó sáré lókè yẹn, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀.

Ohun tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni mo mọ̀. Ilé ọmọ mi ni. Láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi, obìnrin, tí ó lo ọjọ́ méjì gbáko kó tó jáde, ni ilé ọmọ náà ti ń dẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, yóò yọjú; bí mo bá gbé garawa omi, yóò yọjú. Mo máa ń fi ọwọ́ tì í padà, n kò sì sọ fún ẹ̀dá kankan, torí mo rò pé irú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí obìnrin ń sọ síta. Lọ́jọ́ yẹn, mo tì í, kò padà mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, mo sì sọ fún un níwájú pákó àti ìṣó. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó mú mi lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó rí mi kéré lójú mi. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá wí, àfi bó bá di pé kó fèsì ni ahọ́n rẹ̀ máa ń já a kulẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọkọ́ yín ńkọ́, mà? Ṣé ó wá?" Mo ní ọkọ́ wà ní oko, ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi wà níta. Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìjókòó náà kò tíì parí tí mo fi ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi mẹ́rin, bí ẹni ń tún aṣọ ọmọ rẹ̀ wọ̀ fún un.

Ó yẹ̀ mí wò, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní ilé ọmọ náà ti dẹ̀ jù, kò ní dúró mọ́, ó di dandan kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní mo ti bí mẹ́rin, n kò fẹ́ karùn-ún, kí wọ́n yọ ọ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi. Ó ní, "Iṣẹ́ abẹ́ la máa ṣe fún yín, mà. Ẹ má wọ̀rí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, iṣẹ́ abẹ ni. Abẹ. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ yẹn, ibòmíràn lẹ ń wí o." Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í, obìnrin Ìlọrin kan tó sanra dáadáa, fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé. Mo bi í bóyá àpá rẹ̀ á hàn bí mo bá ró ìró. Ó ní, "Kò ní hàn rárá." Mo rò pé ohun tó ń sọ ni pé àpá náà á wà nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí ìró á ti bò ó.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin yẹn ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà, tó ro gbogbo bí yóò ṣe rí fún mi. Mo gbọ́ àbọ̀, mo jẹ́ kí àbọ̀ kọjá, torí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀gá kan tí mo jẹ ní kọ́tìnnì yàrá mẹ́ta. Ó ní wọ́n á fi rọ́bà gba ìtọ̀ mi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ á máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè dáwọ́ dúró kó tún yọ, kí n má fòyà àfi bó bá pọ̀ tó ń rin aṣọ gbingbin tàbí tó ń rùn. Òwú tí wọ́n fi rán an á yọ́ fúnra rẹ̀, a kì í tú u. Ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é. Èyí ni mo gbọ́ dáadáa, torí iṣẹ́ mi ni òwú, mo sì bi í bó ṣe ń lágbára sí. Ó tún ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, n kò gbọdọ̀ lóṣòó, ọkọ mi kò gbọdọ̀ sún mọ́ mi, n kò sì gbọdọ̀ rin ìrìn àjò lórí ọ̀nà tó ń juni sọ́tùn-ún sósì. Bí ojú rírán tó wà nínú lọ́hùn-ún bá fi lè ya, ó ní, ẹ̀jẹ̀ tó máa dà kò ní dúró de ọsibítù. Nígbà tó dé orí ìyẹn, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fá mi lábẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn ni. Wọ́n gbé mi wọ tíátà, wọ́n fi nǹkan bò mí nímú, wọ́n ní kí n máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. N kò dé orí ẹẹ́rin.

Ọ̀sán ni mo jí. Oòrùn dúró sí ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù tí kò ní kọ́tìnnì, ọ̀fun mi gbẹ, ẹsẹ̀ mi wúwo. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ọwọ́ wá ojú ibi tí wọ́n là. N kò bá a. Mo wá a láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, mo wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Kò sí bándéèjì, kò sí òwú, kò sí ibi tó ta mí. Ikùn mi wà bí mo ṣe gbé e wọ ibẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìlà oyún mẹ́rin lára rẹ̀.

Obìnrin Gbagyi kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi. Wọ́n ti la ikùn tirẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n yọ iyún inú ilé ọmọ rẹ̀, àpá rẹ̀ sì gùn bí ìka ọwọ́ méjì tí a so pọ̀. Ó ti ń kí mi ní "sànnu" láti àárọ̀. Nígbà tó rí mi tí mo ká aṣọ sókè tí mo ń wá ojú ọgbẹ́ tí kò sí, ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi. Ó ní, "Kai!" Ó sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Kò kí mi mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, kí ẹni tí kò dàgbà ní ìlú wa lè mọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ. Nílé wa, ẹ̀yà èèyàn méjì péré ló lè gba ilé ọmọ lára obìnrin. Dókítà ń là á kó tó gbà á. Àwọn kejì kì í la ohunkóhun. Obìnrin á sùn, á jí, kò ní sí ojú ọgbẹ́, kò ní sí ẹ̀rí, ilé ọmọ rẹ̀ á sì ti wà lọ́wọ́ wọn. A kì í dá orúkọ wọn. A máa ń sọ pé "àwọn", a ó sì rẹ ohùn wa sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní ṣé wọn kò ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ni. Èyí tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án yẹn kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Dẹ̀m dọ́n rimúùfù am, Màmá," pé wọ́n ti yọ ọ́. "Ó ti lọ." Wọ́n pè é lápá kejì, ó sáré lọ. Ó ti lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan náà ní kí n ya ẹsẹ̀ mi, òun fẹ́ fa aṣọ jáde. Mo ní aṣọ wo? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti inú mi, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tóóró, ó ń fà á, kò sì tán. N kò ní ìrora, mo kàn ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń kúrò ní ibi jíjìn. Ojú mi tó ti mọ́ aṣọ wíwọ̀n ń kà á bó ti ń bọ̀: ọ̀pá kan, ọ̀pá kan àbọ̀. Ta ló di aṣọ tó tó yìí sínú mi tí n kò mọ̀? Mo sunkún, nọ́ọ̀sì sì rò pé ó dùn mí ni.

Ìgbà tí dókítà mi wá ló tó yé mi. Mo dì í ní ọwọ́ aṣọ mú, mo ní kó fi ibi tí òun gbà wọlé hàn mí. Ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín, mà. Abẹ́ ni mo wí. Láti abẹ́ la gbà yọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ahọ́n ọmọ náà tọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo tún un ṣe fún un. Ojú tì mí débi tí n kò lè wò ó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n rí ohun tí wọ́n yọ. Ó ní wọ́n ti fi sínú ìgò, mọ́tò ọsibítù ti gbé e lọ sí Kaduna láàárọ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àìsàn kankan wà nínú rẹ̀.

Orí mi gba àlàyé náà. Ara mi kò gbà á. Ẹni tó bá ti gbọ́ nǹkan kan fún ogójì ọdún, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni mo padà sí ilé wa ní Nyanya, yàrá méjì tí èmi, ọkọ mi àti àbíkẹ́yìn wa ń gbé. Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá mi dé láti ìlú wa, ní ẹ̀yìn Ọ̀yọ́. Obìnrin tó ń ṣe àdín ni ìyá mi, ó gbé ìgò àdín kan wá láti fi pa ojú ọgbẹ́ mi kó lè tètè jiná. Ó fọ ọwọ́, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó ká ìró mi. Ó wá ojú ọgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti wá a, láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Mo fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Ta ló gbà á?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ahọ́n dókítà, mo sọ ti abẹ àti abẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbo ni ohun tí wọ́n gbà náà wà?" Mo ní ó wà ní Kaduna. "Ṣé o rí i pẹ̀lú ojú rẹ?" Mo ní rárá. "Ta ló gbé e lọ?" Mo ní mọ́tò ni. Ìyá mi dé ìgò àdín rẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́ ẹní fún un ní yàrá kejì. Kò sọ ìdí, èmi náà kò bi í. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ikùn mi. Ìyá ọmọ mẹ́rin ni mí, mo mọ bí oyún ṣe ń yí. Bó ṣe ń ṣe nìyí. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án tí àdúgbò dákẹ́, tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ tí ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, yóò rọra yí láti ọ̀tún sí òsì, yóò dúró, bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi ní ọsibítù pé ìfun á máa wá àyè tuntun jókòó sí níbi tó ṣófo yẹn. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi: ìfun ni, ìfun ni. Mo ń fi ọwọ́ lé e, mo sì ń dúró dè é bí mo ṣe máa ń dúró de àwọn ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ẹ̀jẹ̀ tó ti dáwọ́ dúró tún yọ. Kò pọ̀, kò rùn, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi rí aṣọ náà níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀.

"Ó ń pè ọ́," ó wí.

"Kí ló ń pè mí, Màámi?"

"Ohun tí wọ́n gbé lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, kò ní sẹ̀jẹ̀. Ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí ló ti ń pè ọ́."

Orí mi wú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, mo sì tún gbà á gbọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní ìyá àgbà kan wà ní abà kan nítòsí ìlú wa, tó mọ bí a ṣe ń bẹ àwọn ọ̀hún kí wọ́n dá ohun tí wọ́n mú padà. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì a ó wọ mọ́tò. Mo rán an létí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n dá fún mi, mo sọ fún un nípa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dúró de ọsibítù. Ó ní ọsibítù tó sọ nǹkan mi nù ni kí òun tún máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Ó ní bí n kò bá tẹ̀ lé òun, òun á dá lọ, òun á ti mọ̀ pé òun kò lọ́mọ obìnrin mọ́, nítorí ẹni tí àwọn bá gba ilé ọmọ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà. Ó sọ ọ́ tomijé tomijé. Ìyá mi kì í sunkún.

Ọkọ mi ńkọ́? Ọkọ mi, tó lè fi òòlù kan lé gbogbo kápẹ́ńtà Nyanya, kò lè wo ìyá mi lójú. Ó ní, "Ohun tí Màmá bá wí náà ni." Ó lọ sí gáréèjì, ó bá dẹ́rẹ́bà kan sọ̀rọ̀, ọ̀nà Bida àti Mokwa, ọ̀nà tí èèyàn tó ní ilé ọmọ tó dúró ṣinṣin gan-an ń fi ọwọ́ di ikùn mú lórí rẹ̀. Bí mo bá lọ, ó ṣeé ṣe kí n kú sínú mọ́tò. Bí n kò bá lọ, mo ti pàdánù ìyá mi. Èyí tó burú jù ni pé apá kan nínú mi fẹ́ lọ. Apá yẹn fẹ́ mọ ohun tó ń yí nínú mi lọ́sàn-án.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ ni. Ìyá mi ti di ẹrù tirẹ̀ àti tèmi, ó gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ balùwẹ̀ láti fọ ara mi, mo dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, n kò lóṣòó. Mo rí nǹkan kan lára aṣọ mi. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó le gan-n-gan, kò gùn ju èékánná lọ, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Kòkòrò ni mo pè é. Ẹnu mi ti là láti ké. Mo sọ fún ara mi pé bí kòkòrò bá ti inú mi jáde, ó tán, òótọ́ ni ìyá mi ń sọ, mo ti di ilé wọn.

Kò rìn. Mo fi ewé tí mo já létí ògiri gbé e, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, mo mú abẹ́rẹ́, mo fi gún un wò. Mo sún mọ́ ọn dáadáa. Mo sì rí kókó.

Kókó mẹ́ta ni, wọ́n ta wọ́n léra. Wọ́n gbé ọ̀tún gba orí òsì, wọ́n gbé òsì gba orí ọ̀tún, wọ́n sì tún ta ẹ̀kẹta lé e kó má baà tú. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ìdí òwú náà. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá ń lọ, tó ti rẹ̀ ọ́, tó o sì ṣì ní fèrèsé mẹ́ta láti rán. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ta kókó. Èèyàn ló ta eléyìí. Èèyàn kan dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ara mi, ó ń rán an lójú kan lójú kan, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Mo fi orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sunkún, inú mi sì dùn.

Mo gbé e lọ bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, lórí ewé náà. Mo ní, "Màámi, ẹ wò ó." Ó bi mí pé kí ni. Mo ní òwú ni, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é, inú mi ló ti jáde. Mo fi kókó kọ̀ọ̀kan hàn án pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́. Mo ní, "Àwọn tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, ẹ dákun, ṣé wọ́n máa ń rán ibi tí wọ́n bá ti jí nǹkan? Ṣé wọ́n máa ń ta kókó mẹ́ta kó má baà tú?"

Ìyá mi gba ewé náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fi èékánná kan kókó náà. Mo rò pé yóò tún sọ̀rọ̀ Kaduna. Ohun tó sọ ni pé kí ọmọ mi, tó ti dé láti ilé-ìwé, jáde lọ ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí ọmọ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í.

Ó tú ìró rẹ̀. Ó tú tòbí tó wà nísàlẹ̀ ìró. Aṣọ kan wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn, tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ pinpin bí èyí tí a fi ń di ọmọ ìkókó. Fífọ̀ ti sọ aṣọ náà di fẹ́lẹ́. Àpá ibi tó ń so ó mọ́ ti dúdú lára rẹ̀, ó yí ìbàdí rẹ̀ ká. N kò rí ìhòòhò ìyá mi rí láyé mi, n kò sì mọ ibi tí mo lè kọ ojú sí.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ó wí. "Láti orí àbúrò rẹ tó kú. Mo rò pé àwọn ló ń fa ilé ọmọ mi jáde. Díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, ni mo rò pé wọ́n ń fà á. Mo ní bí mo bá ti dì í mú dáadáa, wọn ò ní rí i gbé lọ."

Mo pè é. Mo tún pè é, Màámi, Màámi. Ó bi mí bóyá ẹni tó ta kókó yìí a máa gba àgbàlagbà. Mo ní a máa gbà wọ́n. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ó gbìyànjú láti tú aṣọ náà fúnra rẹ̀. Kò rí i tú. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lóṣòó, wọn kò sọ ti ìkúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.